Orúkọ Ta Ló Wà Lára Ìsọ̀ Yín?

Aago méjì òru ti kọjá díẹ̀ nígbà tí ohùn àbúrò mi wọlé sórí WhatsApp mi láti Manchester. Oorun ò kùn ún. Ìgbéyàwó rẹ̀ ku oṣù mẹ́rin, ìyá ọkọ rẹ̀ sì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé aṣọ òkè ẹtù ni òun fẹ́, kí àwọn ọkùnrin fi dé fìlà, kí àwọn obìnrin fi wé gèlè. "Àǹtí mi," ó ní, "mo ti wá a títí ojú ń ta mí. Mo tẹ 'aso oke iseyin price' sínú Google, ẹnì kan ní London ló gbé jáde fún mi. Owó tó pè é ga ju agbára mi lọ. Àbí kò sí ẹni tó ń hun ún ní Ìṣẹ́yìn mọ́ ni?"

Ẹni tó ń hun ún wà, mo sì mọ̀ ọ́n. Bàbá kan ni, òun ló hun aṣọ tí èmi náà fi ṣe ìgbéyàwó. Ìdí òfì ni wọ́n bí i sí, ìdí òfì náà ló ti tọ́ ọmọ, méjì nínú àwọn ọmọ náà sì ń hun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí di òní. Ẹtù tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde a máa dúdú bí ìyẹ́ ẹyẹ ẹtù tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, ìlà tín-ínrín inú rẹ̀ a sì tò lọ gbọọrọ láìyẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, mo fi àwòrán aṣọ ẹni London ránṣẹ́ sórí fóònù àkọ́bí rẹ̀. Bàbá wò ó, ó pè mí padà. Ó ní, "Ọmọ mi, iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyí." Alágbàtà kan ló ń rà á lọ́wọ́ òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé lọ sí Èkó, ẹlòmíràn a sì ti Èkó gbé e lọ sókè òkun. Bàbá ló ni iṣẹ́, ẹlòmíràn ló ni oníbàárà.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ eegun. Mi ò bínú sí ẹni London o, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ. Ṣùgbọ́n ohun tó ya òun àti Bàbá sọ́tọ̀ lójú àbúrò mi lóru ọjọ́ náà kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni London ní wẹ́bùsáìtì, Bàbá kò ní. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ ọ́ fún gbogbo oníṣòwò kékeré tó bá fẹ́ gbọ́ tèmi, ì báà jẹ́ aránṣọ, aláṣè, alágbẹ̀dẹ wúrà, tàbí ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Kí kálukú ní wẹ́bùsáìtì tirẹ̀, kó sì mọ̀ pé ìpolówó ni, kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Ìpolówó kì í ṣe àjèjì sí wa. Àwọn àgbà ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ẹ rántí ìyá tó ń kiri ẹ̀kọ ní ìdájí. Kì í kàn pariwo lásán. Nínú ohùn rẹ̀ ẹ ó gbọ́ ohun tó ń tà, ẹ ó gbọ́ bó ṣe wà, bóyá ó gbóná tàbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná, ẹ ó sì mọ̀ bóyá ó ti sún mọ́ ẹnu ọ̀nà yín tàbí ó ti ń kọjá lọ. Ó mọ àdúgbò tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń tètè jáde, ó mọ ilé tí àwọn ọmọ ilé ìwé ti pọ̀, ibẹ̀ ló máa ń gbé ẹsẹ̀ lé ní wákàtí tó yẹ. Ẹni tí ebi ń pa nínú ilé ló máa ké sí i pé kó dúró. Ohun tí wẹ́bùsáìtì ń ṣe gan-an nìyẹn, àfi pé ohùn tirẹ̀ kì í há, kì í sì í sùn. Lóru ọjọ́ tí mò ń wí yìí, àbúrò mi ni ẹni tí ebi ń pa nínú ilé. Ó ké. Ẹni tó ń kọjá lójúde rẹ̀ ló dá a lóhùn.

Bí mo bá ti sọ ọ́ débẹ̀, èsì tí mo máa ń gbọ́ ni pé, "Mo wà lórí Instagram, mo sì ń gbé ọjà sórí status mi lójoojúmọ́." Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni èrò wà, ẹni tó bá ní kí oníṣòwò kó kúrò níbẹ̀ kò fẹ́ ire fún un. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìsọ̀ àyálò ni. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp kú pa pọ̀ káàkiri àgbáyé fún nǹkan bíi wákàtí 6. Ẹni tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ló ń pàtẹ sí, ìsọ̀ rẹ̀ tì lọ́jọ́ náà, kò sì sí kọ́kọ́rọ́ kankan lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi lè ṣí i. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún kan náà, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti Twitter pa. Ó di ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2022 kí wọ́n tó ṣí i padà. Oṣù méje gbáko. Àwọn oníṣòwò tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó èrò jọ síbẹ̀ wá dúró sí òdìkejì odò, wọ́n ń wo èrò náà lókèèrè.

Wẹ́ẹ̀bù fúnra rẹ̀ yàtọ̀. Tim Berners-Lee ló dá a sílẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí CERN ní Switzerland, ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1993 sì ni CERN yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé pé kí wọ́n máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí baálẹ̀ kan tí ẹ gbọ́dọ̀ san ìṣákọ́lẹ̀ fún kí ẹ tó gbé ọ̀rọ̀ yín síbẹ̀. Ẹ ó san owó orúkọ, ẹ ó san owó ibi tí wẹ́bùsáìtì náà máa jókòó sí, ó parí. Bí ilé iṣẹ́ tí ẹ gbé e sí bá ṣe é láburú, ẹ lè di ẹrù yín lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, kí àdírẹ́sì yín sì wà bó ṣe wà.

Ohun mìíràn ni pé status WhatsApp kì í ju wákàtí 24 lọ. Àwòrán tí ẹ gbé sórí Instagram lónìí, tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ti ẹlòmíràn á ti bò ó mọ́lẹ̀. Ojú ewé wẹ́bùsáìtì kì í rì bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ kọ lọ́dún tó kọjá nípa ìtọ́jú aṣọ sányán lè mú oníbàárà wá lọ́dún yìí, bí ó bá ti lè dáhùn ohun tí ẹni náà ń wá.

Oṣù kan lẹ́yìn ìpè àbúrò mi, mo lọ jókòó ti Bàbá àti àkọ́bí rẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn, láàárín ariwo ọ̀kọ̀ òfì tó ń lọ tó ń bọ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wẹ́bùsáìtì tiwọn. Mo kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀ ju bí mo ṣe kọ́ wọn lọ.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé Google ń kàwé. Ó máa ń rán ẹ̀rọ rẹ̀ kiri ojú ewé gbogbo, ẹ̀rọ náà á ka ohun tó bá wà ní kíkọ, á sì tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ tí ẹnì kan bá béèrè. Bí ẹ bá ya àwòrán bébà tí ẹ kọ iye ọjà sí, tí ẹ gbé e síbẹ̀ láìkọ ọ̀rọ̀ kankan tì í, ẹ ti fi ọwọ́ ara yín bo ohun tó yẹ kó fa oníbàárà. "Ẹ káàbọ̀ sí ilé iṣẹ́ wa, ojúlówó ni tiwa" kò sọ nǹkan kan fún ẹ̀rọ, kò sì sọ nǹkan kan fún èèyàn. "Ẹtù tí a fi ọwọ́ hun ní Ìṣẹ́yìn, fún fìlà, gèlè àti agbádá" sọ gbogbo rẹ̀ tán.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí àwa tí a fẹ́ràn èdè wa gbọ́. Àbúrò mi kò tẹ "aṣọ òkè". "Aso oke" ló tẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe, torí pé àmì kò yá lórí fóònù. Àwọn mìíràn á tẹ "asooke" pọ̀, àwọn mìíràn á fi "sh" kọ ọ́. Gèlè di "gele", ìpèlé di "ipele". Kí ojú ewé yín kọ ọ́ dáadáa pẹ̀lú àmì rẹ̀ nítorí iyì èdè, kó sì tún kọ ọ́ níbòmíràn bí èrò ṣe ń tẹ̀ ẹ́ nítorí ọjà. Nígbà tí mo sọ èyí, Bàbá dá ọ̀kọ̀ dúró. Ó ní kí a kọ gbogbo rẹ̀ ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, torí pé ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun lè má gbọ́ Yorùbá, ìyá rẹ̀ àgbà tó máa yan àwọ̀ fún un sì ń fẹ́ kà á ní èdè tó yé e. Èèyàn méjì ló ń ra aṣọ kan. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi wẹ́bùsáìtì ṣe iṣẹ́ jẹun kò tíì ronú dé ibẹ̀.

Ìjà tó le jù tí a jà nídìí òfì náà, orí iye owó ni a ti jà á. Àkọ́bí Bàbá kò fẹ́ kí a kọ ọ́. Ó ní gbogbo àwọn tó kù ń kọ "DM for price". Ó ní tí oníbàárà bá ti rí iye, kò ní pè mọ́. Ó ní àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn á rí i, wọ́n á fi náírà díẹ̀ dín tiwọn. Mo mọ ẹ̀rù yẹn. Ara òwò wa ni kí a wo ojú oníbàárà, kí a wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, kí a tó pe iye, kó ná an, kí a jọ rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn ọjà nínà, mi ò fẹ́ kó parun. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Manchester ní òru kò ní ojú tí a lè wò. Bí kò bá rí iye lọ́dọ̀ yín, á kọjá sí ibi tó ti máa rí i, kò sì ní padà wá sọ fún yín pé òun ti lọ. Ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ó wá rí.

Òfin pàápàá kò gbe àwọn tó ń fi iye pamọ́ lẹ́yìn. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 ní Nàìjíríà sọ pé ẹni tó bá pàtẹ ọjà fún títà gbọ́dọ̀ fi iye rẹ̀ hàn. Mo sọ èyí fún Bàbá àti àkọ́bí rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì rọ̀ díẹ̀. Ibi tí a fẹnu kò sí ni pé ohun tí iye rẹ̀ kì í yí ká, bíi fìlà kan, tàbí gèlè àti ìpèlé, kí a kọ ọ́ síta gedegbe. Agbádá tó ní iṣẹ́ àkànṣe, kí a kọ iye tó ti ń bẹ̀rẹ̀, kí a sì ṣàlàyé ohun tó ń gbé e ga: irú òwú tí wọ́n lò, bóyá ọwọ́ ló hun ún àbí ẹ̀rọ, ọ̀sẹ̀ mélòó ni yóò gbà. Bí òwú bá wọ́n sí i, àkọ́bí Bàbá á yí iye náà padà lórí fóònù rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ó rọrùn ju kí a tún pátákó kùn lọ.

Àwòrán gba odidi ọjọ́ kan. Ibi tí wọ́n ti ń hun ṣókùnkùn díẹ̀, iná fóònù sì sọ àlàárì di pupa mìíràn tí kì í ṣe tirẹ̀, ó mú kí ẹtù máa dán bí ọ̀rá. A wá gbé àpótí kan sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ti ń wọlé láìjẹ́ pé oòrùn ń kọ lu nǹkan, a tẹ́ aṣọ lé e. A ya ojú rẹ̀, a ya ẹ̀yìn rẹ̀, torí ẹni tó bá mọ aṣọ máa ń yí i padà wò. A ya pẹlẹbẹ aṣọ kan ṣoṣo tí Bàbá gbé ọwọ́ lé, kí ẹni tí kò rí òfì rí lè mọ̀ pé kò ju nǹkan bí ìǹṣì 4 lọ ní ìbú nígbà tó bá ń jáde lójú òfì, àti pé ńṣe ni wọ́n ń rán an pọ̀ kó tó di ìró tàbí agbádá. Òwú ti ha àwọn ìka náà, awọ wọn ti le. Gbogbo ẹni tó ti bá wọn rajà láti orí wẹ́bùsáìtì náà ló mẹ́nu ba àwòrán yẹn.

Lẹ́yìn náà ni a dín àwòrán kù. Àwòrán kan láti inú fóònù ayé òde òní lè tó mẹ́gábáìtì 4. Mẹ́wàá irú rẹ̀ lójú ewé kan di mẹ́gábáìtì 40. Ta ni ẹ fẹ́ kó fi dátà tó fi owó rà ṣí i? A dín ìkọ̀ọ̀kan kù títí kò fi ju kílóbáìtì 200 lọ, tí gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kò fi ju mẹ́gábáìtì 2 lọ, ojú lásán kò sì rí ìyàtọ̀. Ẹ má fi kọ̀ǹpútà ẹni tó ṣe wẹ́bùsáìtì náà dán an wò. Ẹ gba fóònù ọmọ iṣẹ́ yín, ẹ dúró sí ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti dára, ẹ ṣí i níbẹ̀.

Gbájúẹ̀ ti kó ẹ̀rù sí gbogbo èèyàn lára, kò sì yẹ kí a dá oníbàárà lẹ́bi bó bá ń fura. Ìbéèrè tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé, bí owó mi bá lọ, ta ni mo máa mú? Wẹ́bùsáìtì ni kó dáhùn kó tó béèrè. Àdírẹ́sì gidi, pẹ̀lú ohun tí a fi ń júwe ọ̀nà nílùú wa: ilé epo wo ló wà nítòsí, mọ́ṣáláṣí wo ló kọjú sí. Nọ́ńbà fóònù tí wọ́n máa gbé. Ojú ẹni tó ni iṣẹ́. Orúkọ òwò tí wọ́n ti fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, àti àkáǹtì báńkì tó ń jẹ́ orúkọ yẹn gan-an, kì í ṣe orúkọ ọmọ àbúrò ẹnì kan. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí aṣọ bá pẹ́ ju ọjọ́ tí wọ́n dá lọ. Ti owó sísan kò tún le bíi ti tẹ́lẹ̀: irú ilé iṣẹ́ bíi Paystack, tí Shola Akinlade àti Ezra Olubi dá sílẹ̀ ní ọdún 2015, ti mú kí oníṣòwò kékeré ní Nàìjíríà lè gba owó láti inú káàdì ẹni tó wà lókè òkun. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má ya àwòrán ọ̀rọ̀ tí ẹ bá oníbàárà sọ kí ẹ lẹ̀ ẹ́ síta láìgba àṣẹ rẹ̀. Ìwọ̀n ara rẹ̀, àdírẹ́sì ilé rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀, àṣírí rẹ̀ ni. Òfin ààbò dátà ti ọdún 2023 sì dáàbò bò ó.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé tiwa, torí òun ló mú kí n kọ àpilẹ̀kọ yìí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta léèsì àti àǹkárá ní Ìbàdàn. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ó san owó fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan pé kó ṣe wẹ́bùsáìtì fún òun. Ó ṣe é, ó sì dára. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ àdírẹ́sì rẹ̀ sára ọ̀rá ìrajà, sára káàdì, sára pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, ọmọkùnrin náà ti rìnrìn àjò kúrò nílùú, fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́. Orúkọ wẹ́bùsáìtì, èyí tí wọ́n ń pè ní dòméènì, ọdọọdún ni wọ́n ń san owó rẹ̀. Orúkọ ara rẹ̀ ni ọmọkùnrin náà fi rà á, ímeèlì tirẹ̀ ni ìránnilétí ń lọ sí. Owó kò wọlé, orúkọ bọ́. Ìgbà tí a máa fi mọ̀, ẹlòmíràn ti rà á, ìpolówó tẹ́tẹ́ ló gbé síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ ìyá nínú ìjọ, wá ní ọ̀rá ìrajà tó ń júwe ilé tẹ́tẹ́ fún àwọn èèyàn. Ó kó gbogbo èyí tó kù jọ sẹ́yìnkùlé, ó dáná sun wọ́n. Mo dúró tì í. Kò sọ̀rọ̀ títí iná fi kú.

Ọmọkùnrin náà lè má jẹ́ olè. Mo gbà pé kò ronú jìnnà ni, àwa náà kò sì béèrè. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: bí bíríkìlà bá kọ́ ilé fún yín, ṣé orúkọ bíríkìlà ni ẹ máa kọ sórí ìwé ilẹ̀? Dòméènì ni ìwé ilẹ̀. Orúkọ tó bá parí sí .ng, àjọ NiRA ló ń bójú tó o ní Nàìjíríà, àwọn aṣojú tí wọ́n fọwọ́ sí ló sì ń tà á fún aráàlú. Ẹ lọ rà á fúnra yín, tàbí kí ẹ jókòó ti ẹni tó ń rà á. Orúkọ yín, ímeèlì tí ẹ̀yin fúnra yín ń ṣí, nọ́ńbà fóònù yín. Bí agbára bá ká a, ẹ san ti ọdún méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kọ ọjọ́ tó máa parí sára kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ẹ gba ọ̀rọ̀ ìwọlé gbogbo, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tí ẹ tọ́jú ìwé ilé sí. Ẹni tó bá ṣe wẹ́bùsáìtì fún yín tí kò fẹ́ kó nǹkan wọ̀nyí lé yín lọ́wọ́, ẹ má san ìyókù owó rẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹ bá ṣí wẹ́bùsáìtì, kò sí ẹni tó máa wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kedere, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń rò pé wọ́n lu àwọn ní jìbìtì. Ẹ̀yin ni ẹ máa júwe ọ̀nà: lára rìsíìtì, lórí status tí ẹ ti ń lò tẹ́lẹ̀, lórí Instagram, lẹ́nu ọmọ iṣẹ́ yín. Ẹ lọ fi orúkọ òwò yín sílẹ̀ sórí máàpù Google pẹ̀lú. Ọ̀fẹ́ ni, òun ló sì ń jẹ́ kí ẹni tó wà láàárín ìlú rí yín bó bá tẹ "aránṣọ nítòsí mi". Ẹ fi bọ́tìnnì WhatsApp sí ojú ewé gbogbo, torí pé àwọn èèyàn wa fẹ́ gbọ́ ohùn èèyàn kí wọ́n tó yọ owó. Kí ẹ sì máa tún un ṣe. Wẹ́bùsáìtì tó ṣì ń kéde ẹ̀dínwó Kérésìmesì ọdún mẹ́ta sẹ́yìn dà bí ìsọ̀ tí aláǹtakùn ti ta sí lẹ́nu ọ̀nà, èèyàn á yọjú, á sì padà sẹ́yìn.

Nídìí òfì ní Ìṣẹ́yìn, oṣù mẹ́ta kọ́kọ́ lọ tó jẹ́ pé àwa nìkan là ń wo ara wa. Google ní irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ Search Console, ó máa ń fi ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn tẹ̀ kí wọ́n tó kàn yín hàn yín. Àkọ́bí Bàbá ṣí i ní ọjọ́ Ẹtì kan, ó rí i pé àwọn kan ń béèrè bí wọ́n ṣe ń fọ aṣọ òkè. A ò kọ ọ̀rọ̀ kan nípa ìyẹn. Bàbá jókòó, ó sọ ọ́ lẹ́nu, ọmọ ń tẹ̀ ẹ́: kí wọ́n má rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ bí aṣọ ilé, kí wọ́n má sá a sínú oòrùn gangan, kí wọ́n gbọ̀n ọ́n dáadáa lẹ́yìn òde, kí wọ́n sá a sí ibòòji kí òógùn tó wọ inú rẹ̀ lè gbẹ kí wọ́n tó ká a. Ó sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń ká tirẹ̀. Ojú ewé yẹn ni èèyàn ń kà jù lórí wẹ́bùsáìtì wọn títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò sì sí ọ̀rọ̀ "ẹ wá rà" kankan nínú rẹ̀.

Ẹnì kan kà á ní Houston. Obìnrin tó fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún ni, àlàárì ìyá rẹ̀ ló fẹ́ mọ bó ṣe máa tọ́jú. Ó kà á tán, ó tẹ bọ́tìnnì WhatsApp, ó béèrè bóyá wọ́n lè hun irú rẹ̀ fún àwọn ọmọ òun mẹ́rin. Òru ni nílùú wa. Ìgbà tí àkọ́bí Bàbá dé láti ìrun àsùbáà ló rí i. Alágbàtà ṣì ń wá sí ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ṣì ń tà fún un, wọn kò bá a jà. Ṣùgbọ́n aṣọ mẹ́rin yẹn, Bàbá ló pe iye rẹ̀. Ẹtù ìgbéyàwó àbúrò mi náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ tààrà ló ti wá.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì ní wẹ́bùsáìtì, ẹ gbé fóònù lálẹ́ òní, kí ẹ tẹ iṣẹ́ yín àti orúkọ ìlú yín sínú Google bí àlejò ṣe máa tẹ̀ ẹ́, kí ẹ wo ẹni tó ń gba oníbàárà yín. Ẹ̀yin tí ẹ ti ní in, ẹ pe ẹni tó ṣe é fún yín lónìí. Ẹ bi í pé orúkọ ta àti ímeèlì ta ló wà nídìí dòméènì náà, ọjọ́ wo sì ni owó rẹ̀ máa parí. Bí kì í bá ṣe orúkọ yín, ẹ ní kó gbé e wá sí orúkọ yín nígbà tí fóònù rẹ̀ ṣì ń lọ.